Ẹ̀ka lẹ fẹ́ kó jọ, kì í ṣe igi: bí a ṣe ń lọ́ igi eléso níbi tí ilẹ̀ ò tó

Gbogbo ẹni tó bá yà sílé wa l'Akóbọ̀ n'Ìbàdàn tó rí àwọn àpò dúdú tí mo gbin ọmọ igi sí tó tò sábẹ́ fèrèsé kíṣìnì, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí. Wọ́n á ní ṣebí oko ni wọ́n ti ń ṣe gráfùtì, ìyẹn lílọ́ igi, àwọn ò ní ju ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì lọ, ilé àti sókàwéè àti ibi tí mọ́tò ń dúró sí ti gba gbogbo ẹ̀ tán, ibo wá làwọn ti fẹ́ rí ilẹ̀ tí máńgòrò mẹ́rin á dúró sí? Mo mọ ibi tí ìdààmú yẹn ti wá, torí èmi náà rò bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan kó tó yé mi pé nǹkan mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la dà pọ̀ mọ́ra tá a wá ń pe gbogbo ẹ̀ ní "àyè".

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò ẹ̀ ná. Ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì, ẹ ká a sí ẹsẹ̀ bàtà 50 ní ìbú, 50 ní òró, ìyẹn nǹkan bíi mítà 15 sí 15. Máńgòrò tá a bá fi sílẹ̀ kó dàgbà bó ṣe wù ú, nǹkan bíi mítà 10 ni wọ́n sábà ń fi sáàárín ọ̀kan àti èkejì, ọsàn náà ń fẹ́ bíi mítà 6 tàbí 7. Tẹ́ ẹ bá wá yọ ilé kúrò nínú ẹ̀, igi máńgòrò kan ṣoṣo lè má ríbi na apá sí. Òótọ́ nìyẹn, mi ò ní tàn yín. Àmọ́ igi tó ti dàgbà ló ń gba àyè yẹn o, kì í ṣe lílọ́ igi. Lílọ́ igi fúnra ẹ̀, orí bẹ́ǹṣì lèmi ti ń ṣe é, àwọn igi kéékèèké tó ń dúró de ọjọ́ tá a máa lọ́ wọn, inú àpò ni wọ́n wà, ẹ̀ka tá a fẹ́ lọ́ mọ́ wọn, inú ọgbà onígi la ti ń gé e wá. Ohun tó kù tó ń fẹ́ ilẹ̀ ni igi tẹ́ ẹ máa gbìn gbẹ̀yìn, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà, torí ẹni tó fẹ́ jẹ oríṣi máńgòrò márùn-ún, ẹ̀ka márùn-ún ló ń wá, igi kan sì lè gbé ẹ̀ka márùn-ún.

Kí wá ni lílọ́ igi? Àwọn tó ń ka Bíbélì ti pàdé ọ̀rọ̀ yẹn rí, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti sọ̀rọ̀ ẹ̀ka ólífì inú igbó tí wọ́n lọ́ sára ólífì inú ọgbà. Àwọn tó ń ta irúgbìn lẹ́bàá títì ń pè é ní gráfùtì, ẹlòmíì á kàn ní "máńgòrò àgírìkì". Igi méjì ló ń di ẹyọ kan. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ló ní gbòǹgbò, kóró la fi gbìn ín, a ò wo bí èso tiẹ̀ ṣe máa dùn sí, ohun tá a ń wá lára ẹ̀ ni kó lágbára, kó mọ ilẹ̀ ibí. Èyí tó wà lókè ni ẹ̀ka tá a gé lára igi tá a ti jẹ èso ẹ̀ tá a sì mọ̀ pé ó dùn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé èso àwọn méjèèjì á pò pọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ̀ka tẹ́ ẹ lọ́ á máa so èso tiẹ̀ bó ṣe ń so ó lára ìyá ẹ̀, gbòǹgbò kàn ń bá a fa omi àti oúnjẹ ni. Ìdí tó sì fi ń tètè so nìyí: ẹ̀ka yẹn ti dàgbà kẹ́ ẹ tó gé e, ó ti tó so, kò tún padà di ọmọ kékeré nígbà tó dórí igi tuntun. Máńgòrò tá a fi kóró gbìn lè gba ọdún 6 sí 8 kó tó so, èyí tá a lọ́ lè bẹ̀rẹ̀ lọ́dún kẹta tàbí ìkẹrin. Àgbálùmọ̀ náà, tẹ́ni tó gbìn ín á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé òun gbin nǹkan, lílọ́ ló ń gé ọdún ẹ̀ kúrú.

Ẹnì kan bi mí lọ́jọ́ kan pé ṣé kì í ṣe bí àfòmọ́ náà ni. Mo fẹ́ràn ìbéèrè yẹn gan-an. Àfòmọ́ ò légbò, gbogbo igi ní í bá tan, lóòótọ́, ó sì máa ń wọ inú igi tó bá bà lé débi pé ó ń fa omi inú ẹ̀ mu. Àmọ́ àlejò ni àfòmọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó ń gbà, kì í fún igi ní nǹkan kan. Ẹ̀ka tá a lọ́ ní tiẹ̀ á di ara igi, ewé ẹ̀ ló máa ń se oúnjẹ tí gbòǹgbò ń jẹ. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣe gbogbo igi ló lè gba gbogbo ẹ̀ka, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹbí. Máńgòrò sára máńgòrò, píà sára píà, kajú sára kajú. Ìdílé ọsàn ló láájò jù, ọsàn mímu, tánjarínì, gíréépù, lẹ́mọ́ọ̀nù àti ọsàn wẹ́wẹ́, gbogbo wọn lè wà lórí igi kan. Ẹni tó bá ní òun lọ́ ọsàn sára máńgòrò, ẹ má dá a lóhùn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, àgbọn àti ọ̀pẹ ò ṣe é lọ́ rárá, torí wọn ò ní nǹkan tí mo fẹ́ sọ báyìí.

Tẹ́ ẹ bá fi abẹ tó mú gé ẹ̀ka máńgòrò tútù, tẹ́ ẹ sì gbé ojú ibi tẹ́ ẹ gé súnmọ́ ojú, ẹ máa rí èèpo lóde, ẹ máa rí igi tó funfun láàárín, àárín àwọn méjèèjì ni ìlà tútù kan wà tí kò nípọn ju ìwé lọ, ó máa ń yọ̀ tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án. Ibẹ̀ ni igi ti ń fi kún ara ẹ̀, ibẹ̀ sì nìkan ni ojú ọgbẹ́ ti lè jinná. Gbogbo iṣẹ́ lílọ́ igi ò ju pé kí ìlà ti òkè kan ìlà ti ìsàlẹ̀ kí wọ́n má sì gbẹ títí wọ́n á fi di ara wọn mú.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Igi ìsàlẹ̀ tó ti nípọn tó pẹ́ńsù ni mo máa ń mú, mo gé orí ẹ̀ dànù níbi tó fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 ga sílẹ̀, mo fi abẹ la àárín ẹ̀ wọ inú bíi sẹ̀ǹtímítà 3 tàbí 4. Ẹ̀ka òkè, tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, mo gbẹ́ ìdí ẹ̀ lọ́tùn-ún lósì kó rí bí ẹnu àáké, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo labẹ gbọ́dọ̀ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, tẹ́ ẹ bá ń há a díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń há iṣu, ojú ẹ̀ ò ní tẹ́jú, afẹ́fẹ́ á wọ àárín. Mo tì í bọ inú ibi tí mo là. Tí ẹ̀ka òkè bá tẹ́ẹ́rẹ́ ju ìsàlẹ̀ lọ, ẹ má gbé e sí àárín gbùngbùn torí pé ó dùn-ún wò, ẹ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ìlà wọn bára mu níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan tó jinná sàn ju méjì tí kò kanra wọn lọ. Lẹ́yìn ìyẹn mo á fi láílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara wé e láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kó le dáadáa, mo á wá fi láílọ́ọ̀nù tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe áìsì fáwọn ọmọdé bo gbogbo ẹ̀ka òkè bí fìlà, mo á so ẹnu ẹ̀. Inú ìbòòji ló ń lọ látibẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, ojú ẹ̀ka òkè, ìyẹn ibi tí ewé ti ń yọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ewé pupa kékeré á yọ nínú láílọ́ọ̀nù, ìgbà yẹn lẹ tó lè tú fìlà yẹn, ẹ má sì tú èyí tó wé ojú ọgbẹ́. Ẹ má máa tú u wò lójoojúmọ́, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀pọ̀ ló kú torí pé ara onígi ò balẹ̀.

Ẹ̀ka òkè náà ní bá a ṣe ń yàn án. Èyí tó ti gbó ni, tí ojú tó wà lórí ẹ̀ ti wú àmọ́ tí kò tíì là. Bíi ọjọ́ 7 sí 10 ṣáájú kẹ́ ẹ tó gé e, ẹ gé àwọn ewé orí ẹ̀ kúrò kẹ́ ẹ fi ìdí ewé díẹ̀ sílẹ̀ lára igi, ìdí ewé yẹn á já fúnra ẹ̀, ìyẹn á jẹ́ kí ojú ẹ̀ ti múra tán. Ẹ̀ka yìí ò gba àyè kankan lọ́dọ̀ yín. Ẹ wé e sínú ìwé ìròyìn tẹ́ ẹ ti rẹ sómi tẹ́ ẹ sì fún, ẹ fi láílọ́ọ̀nù bò ó, kò sóhun tó ní kó má tutù láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìbàdàn, àfi tẹ́ ẹ bá jù ú sínú búùtù mọ́tò tó wà nínú oòrùn. Fún ìdí yìí, mi ò rí ìdí tí ẹni tó ní ilẹ̀ kékeré á fi máa gbin igi torí àtimáa gé ẹ̀ka lára ẹ̀. Ẹ bá àwọn tó ní igi rere dọ́rẹ̀ẹ́, ẹ lọ jẹ èso ẹ̀ nígbà tó bá so, ẹ mọ igi náà dájú, ẹ padà wá tọrọ ẹ̀ka.

Ó ku àwọn àpò. Àpò tí ìbú ẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15, tẹ́ ẹ bá tò ó sí ibi tó jẹ́ mítà kan ní ìbú, mítà mẹ́ta ní gígùn, mẹ́fà á dúró sí ìbú, 20 á dúró sí gígùn, 120 nìyẹn. Ibi tí kò tóbi ju bẹ́ẹ̀dì lọ! Ẹ má jẹ́ kí ìbú ẹ̀ ju mítà kan lọ ṣá, kí ọwọ́ lè dé àárín láìtẹ nǹkan kan mọ́lẹ̀. Ilẹ̀dú, yanrìn díẹ̀ àti ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa lèmi ń pò sínú ẹ̀. Ohun tó máa ń ba ti inú àpò jẹ́ ni gbòǹgbò. Tí igi bá pẹ́ jù nínú àpò, gbòǹgbò á ká sísàlẹ̀ bí okùn, tàbí kó gba ihò àpò wọ ilẹ̀, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e lẹ máa mọ̀ pé ó ti di ti ilẹ̀ ibẹ̀, tẹ́ ẹ bá fà á yọ idajì ẹ̀ ti já. Mo máa ń tẹ́ láílọ́ọ̀nù tó nípọn sábẹ́ wọn, mo sì ń ṣí wọn nípò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ mẹ́ta mẹ́rin. Nígbà tí mo bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà ni mo máa ń yọ àwọn tí kò lágbára dànù. Ó máa ń dunni, àmọ́ níbi tí àyè ò sí, igi tó ń ṣòjòjò ń gba ipò èyí tó le.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ igi kan tó ń gbé ẹ̀ka púpọ̀, torí òun ló jẹ mí lógún jù. Ẹ jẹ́ kí igi ìsàlẹ̀ wọlẹ̀ ná, kó dúró. Tó bá ti ga dé ìbàdí, ẹ gé e sí nǹkan bí orúnkún, á ta èéhù púpọ̀, ẹ mú mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó kọjú síbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ gé ìyókù dànù, ẹ wá lọ́ oríṣi kọ̀ọ̀kan mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Tí gbogbo ẹ̀ bá ti mú, iṣẹ́ tó kù ni kẹ́ ẹ máà jẹ́ kí ẹnì kan rẹ́ ẹnì kejì jẹ. Igi ọsàn tí mo kọ́kọ́ ṣe, ọsàn mímu, tánjarínì àti lẹ́mọ́ọ̀nù ni mo lọ́ mọ́ ọn, inú mi dùn, mo fi wọ́n sílẹ̀ fún ọdún kan ààbọ̀. Lẹ́mọ́ọ̀nù ti fẹ́ ju àwọn tó kù lọ nígbà mẹ́ta, ó ti bo tánjarínì mọ́lẹ̀ pátápátá, oòrùn ò kàn án mọ́, ẹ̀ka ẹ̀ gbẹ. Àtìgbà yẹn, èyí tó bá ń sáré jù ni mo máa ń gé jù, èyí tí kò lágbára ni mo ń fún níbi tí oòrùn wà. Máńgòrò Julie bẹ́ẹ̀ náà ni, kékeré ló máa ń jẹ́ nípa ti ẹ̀dá, tẹ́ ẹ bá lọ́ ọ mọ́gi kan náà pẹ̀lú èyí tó máa ń ga, ẹ ṣọ́ ọ. Ní tèmi o, Julie dáa jù kó dá wà nínú ààbọ̀ dírọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ ti lu ìdí ẹ̀ níhò, lójú ọ̀nà ìta, á kàn máa fẹ́ omi lójoojúmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Èéhù tó bá yọ nísàlẹ̀ ibi tẹ́ ẹ lọ́, ẹ já a kúrò kíákíá. Ti igi ìsàlẹ̀ ni, òun ló sún mọ́ gbòǹgbò jù, tẹ́ ẹ bá gbà á láyè á pa gbogbo ẹ̀ka tẹ́ ẹ ṣe wàhálà lé lórí.

Ṣé lílọ́ igi ló ń sọ igi di kúkúrú? Wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń tajà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní igi ìsàlẹ̀ kan fún ápù tó ń jẹ́ M9, láti ilé ìwádìí East Malling ló ti jáde, òun máa ń jẹ́ kí igi ápù má ga ju mítà 2 sí 3 lọ. Máńgòrò wa níbí ò ní irú ẹ̀ tá a lè fọwọ́ sọ̀yà. Gígé ló ń jẹ́ kó kúrú. Ìgbà tẹ́ ẹ bá gé e ṣe pàtàkì ju bẹ́ ẹ ṣe gé e lọ, torí orí ẹ̀ka tó ti gbó ni máńgòrò ti ń yọ òdòdó, n'Ìbàdàn níbí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ láti bí oṣù kọkànlá sí oṣù kìíní. Tẹ́ ẹ bá ti kórè tán ní oṣù kẹfà, ẹ gé e lọ́sẹ̀ yẹn, kí ẹ̀ka tuntun lè rí àkókò gbó. Ẹni tó bá gé e ní oṣù kẹwàá, ó ti gé èso ọdún tó ń bọ̀.

Àwọn tí igi ńlá kan ti wà nínú ọgbà wọn kó tó di pé wọ́n kó débẹ̀, ẹ má gé e dànù. Ìyá onílé wa àtijọ́ ní máńgòrò kan lẹ́yìn ilé, okùn ló kún inú èso ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹ́. Ọjọ́ tí mo gbé ayùn dé ìdí ẹ̀, màmá jáde sí mi, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ pa igi tí mo bá níbí ni?" Mo ní, "Rárá o, mà, ẹ̀ka méjì péré ni mo máa gé lọ́dún yìí, ẹ̀ka tó kù á máa bọ́ ọ, ẹ jọ̀ọ́ mà." Ó dúró tì mí títí mo fi ṣe tán. Ibi tí mo gé ta èéhù, mo lọ́ ẹ̀ka tó dáa mọ́ wọn, ọdún kejì mo tún gé ẹ̀ka méjì míì. Tẹ́ ẹ bá gé gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, oòrùn á jó èèpo ara igi, ó sì lè kú lóòótọ́, ẹ̀rù tó ba màmá ò ṣàìnídìí. Ìgbà tí igi yẹn kọ́kọ́ so, èmi kọ́ ló jẹ èyí àkọ́kọ́, màmá ni, ó pín in fún gbogbo ilé.

Ewu kan wà nínú fífi gbogbo nǹkan sórí igi kan tí mi ò fẹ́ fi pa mọ́. Àìsàn tó bá wà nínú ẹ̀ka kan máa bá omi igi kiri gbogbo ara. Ẹ má gba ẹ̀ka lọ́wọ́ ẹni tí ewé igi ẹ̀ ń ká, tó ń pọ́n tàbí tó ń kú láti orí, bó ti wù kí èso ẹ̀ dùn tó. Ẹ fi ọtí líle tàbí híípò nu abẹ kẹ́ ẹ tó bọ́ sórí igi míì. Ẹ kọ orúkọ sára ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan náà, àmọ́ kì í ṣe máákà o, òjò kan á ti fọ̀ ọ́. Agolo minirá ni mo ń gé pẹlẹbẹ, mo á fi ẹnu bírò tẹ orúkọ sára ẹ̀ kó wọlé, mo á fi wáyà so ó kó má há ẹ̀ka lọ́rùn.

Ẹni tí kò ní ju bàrákónì lọ ńkọ́? Tòmátò. Ẹbí kan náà ni tòmátò pẹ̀lú ìgbá àti ikàn, èèyàn lè lọ́ tòmátò sórí wọn nígbà tí wọ́n ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìṣáná, ìyẹn sì máa ń gba tòmátò lọ́wọ́ àìsàn inú ilẹ̀ tó ń mú un rọ lójijì. Inú ike ọ̀dà tó ti tán lẹ lè gbìn ín sí. Ọ̀sẹ̀ kan àkọ́kọ́, ẹ fi láílọ́ọ̀nù bò ó nínú ìbòòji, kí ara ẹ̀ má gbẹ.

Ní ti ibi tẹ́ ẹ ti lè rí irúgbìn tí wọ́n mọ orúkọ ẹ̀, àwa tá a wà n'Ìbàdàn ríre. NIHORT, ilé ìwádìí ìjọba kan, wà ní Ìdí-Ìṣin, ní Jẹ́ríkò, láti ọdún 1975, iṣẹ́ lórí èso àti ẹ̀fọ́ ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Ti kòkó, obì àti kajú, CRIN, ilé ìwádìí kòkó tó wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́, ni. Ẹ lọ bá wọn, ẹ béèrè igi ìsàlẹ̀ tí wọ́n ń lò fún ọsàn, oríṣi kan tó ń jẹ́ Cleopatra lẹ sábà máa gbọ́.

Àsìkò tó dáa jù fún lílọ́ ni tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀, tí ọyẹ́ ti lọ, kí òjò tó le jù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, máńgòrò tẹ́ ẹ bá jẹ ní oṣù karùn-ún yìí, ẹ má ju kóró ẹ̀ nù. Ẹ sá a fún ọjọ́ kan nínú ìbòòji, ẹ fi sísọ́ọ̀sì la èèpo líle yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ yọ ọmọ inú ẹ̀, ẹ gbìn ín kó tó gbẹ, kí ibi tó tẹ̀ kọ̀rọ̀dọ̀ kọjú sísàlẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin á yọ. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ọdún tó ń bọ̀ bá dé, á ti nípọn tó pẹ́ńsù.